Má Nàró Nínú Ọkọ̀

Ní ọdún tí ìyá mi lọ sí Nàìjíríà tí kò tètè dé, ìró ọlọ ló kọ́kọ́ kú nílé wa. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọlọ náà wà, lábẹ́ páànù tó ń jò, ibẹ̀ sì ni ìyá mi ti máa ń lọ ata láàárọ̀ kùtù. Láti orí ẹní mi ni n ó ti máa gbọ́ òkúta lórí òkúta, tí n ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, pé ẹnì kan ti jí ṣáájú mi. Lẹ́yìn tó lọ, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ata lílọ̀ bọ̀ láti ọjà. Ó ní ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kì í kúnlẹ̀ síwájú ọlọ. Ata ọjà náà máa ń ní òórùn epo ẹ̀rọ díẹ̀. Ẹ̀bà rẹ̀ ńkọ́? Kókó ló kún inú rẹ̀. Bí mo bá bu òkèlè, gààrí gbígbẹ á dà jáde láàárín rẹ̀, èmi àti bàbá mi á wo ara wa, a ó sì gbé e mì.

Agboolé wa ní Nkololoun, ní ìlú Douala, kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kan àpótí onírin wà níwájú wa, wọn kì í jẹ́ kí páànù sinmi. Télọ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ a máa sáré, a máa kọsẹ̀, a tún máa sáré. Nínú ọgbà, àwọn ará Ẹ̀jìgbò, àwọn ará Ìwó àti àwa la jọ ń lo kànga kan, Yorùbá, Faransé àti píjìnì a sì máa forí gbárí níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Bakassi, ilẹ̀ etí omi tí Nàìjíríà àti ìjọba ibi tí à ń gbé ń jà lé lórí, gbóná, àwọn ará Ẹ̀jìgbò di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ wo ilé. Àwọn ará Ìwó tẹ̀ lé wọn. Ìró omi nínú búútà àlùwàlá bàbá mi wá di ohun tí mo lè gbọ́ láti inú yàrá, èyí tí n kò gbọ́ rí nínú ariwo àtijọ́. Páànù ṣì ń dún níwájú ilé o. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn tí kò mọ orúkọ ẹni kì í lé ìdáwà lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá mi, ọmọ etí omi. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó pọn àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, ó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Tiko. Ó ní kí n má sunkún, pé òun yóò ti dé kí ilé ìwé tó wọlé. N kò sunkún. Ilé ìwé wọlé, kò dé. Lẹ́yìn tó kọjá tán ni sójà ilẹ̀ méjèèjì dojú ìbọn kọ ara wọn ní Bakassi, tí ọ̀nà omi tó bá lọ sì di ibi tí ọlọ́kọ̀ kankan kò fẹ́ gbà mọ́. Màmá Régine, aládùúgbò wa tó ń se ẹ̀wà, tó sì ń dín beignet, àkàrà oníyẹ̀fun, lẹ́nu ọ̀nà, a máa bi mí láràárọ̀ pé, "My pikin, your mami don come?" Mo máa ń mi orí, á sì fi beignet kan lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ń fún mi ní beignet, ṣùgbọ́n kò béèrè mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bàbá mi ń ta bàtà ní Ndokoti. Ó fi ọ̀rá we carte de séjour, ìwé ìgbélùú rẹ̀, nítorí òjò, ó fi sí àpò àyà, kò sì ní jáde láìfọwọ́ kàn án, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọkàn òun ṣì ń lù. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, rédíò ni. Bí wọ́n bá ti sọ orúkọ Bakassi ní Faransé tó yára ju tirẹ̀ lọ, á yíjú sí mi, "Kí ni wọ́n wí?" Èmi náà á wí pé wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, tàbí ohun tí mo fẹ́ kó gbọ́. Ní ilé ìwé, Biafra ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni Biafra lẹ́nu wọn, ì báà ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀ ti wá. Douala ni wọ́n bí mi sí, n kò tíì fojú kan Nàìjíríà rí. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan kó ìwé rẹ̀ lọ síwájú. Àárò ìyá mi ń sọ mí débi pé tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń lọ fi ọwọ́ pa ọlọ yẹn. Ó máa ń tutù.

Inú òjò ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ dé. Àbúrò ìyá ìyá mi ni, apẹja, ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní abúlé àwọn apẹja kan lápá Bakassi. Nígbà tí ìbọn dún, ó ju àwọ̀n rẹ̀ àti ìkòkò kan sínú ọkọ̀, ó gba àárín igi ẹ̀gbà etí omi bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gúnlẹ̀ sí Youpwé níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Láti ibẹ̀ ló ti ń béèrè ilé àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ kiri Douala. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀, ó tẹ́ ẹní fún un ní yàrá mi. Ó ń rùn bí ẹja yíyan, ó sì ń húkọ́. Mo fẹ́ràn ikọ́ yẹn, nítorí ó jẹ́ ìró ènìyàn. Kò gbọ́ Faransé, kò sì fẹ́ gbọ́. Ẹni bá sọ ọ́ sí i, á fi ìka di etí kan, á ní orí òun ti kún, kí wọ́n lọ wá orí mìíràn kó o sí.

Mo tọ̀ ọ́ lọ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Bàbá, ṣé ẹ máa padà lọ?"

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí omi bá ti rọ̀, mo ń lọ sílé."

"Ṣé ẹ máa dé ọ̀dọ̀ màámi?"

"Ilé kan náà ni mò ń lọ."

"Ẹ mú mi dání."

Ó gbé ojú kúrò lára àwọ̀n, ó wo apá mi méjèèjì tó rí bí igi ìfọyín. "Síkírá, n kì í gbé èrò tí kò lè tukọ̀."

Ìlérí ni mo pè é. Àgbà tó bá fẹ́ sọ pé rárá fún ọmọ tó ń fojú bẹ̀ ẹ́ a máa wá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lẹ́ kan gbà jáde, ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni mo bá wọlé. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé: kí n mọ ọkọ̀ tù, kí wọ́n lè gbé mi lọ bá ìyá mi. Ìyọnu mi pọ̀ títí tí Bàbá Ọlọ́kọ̀ fi gbà. Bàbá mi náà kò kọ̀, ó ní ó sàn ju kí n máa jókòó ti ọlọ lọ.

Ní àwọn ọjọ́ tí kò sí ilé ìwé, a ó lọ sí Youpwé. Ọkọ̀ Bàbá kúrú, ó fẹ̀ nídìí, imú rẹ̀ gbé sókè. Àjẹ̀ kan ni àwọn apẹja ibẹ̀ ń fi tu tiwọn, wọ́n sì máa ń fi tirẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, nítorí àjẹ̀ gígùn méjì ló ní, tó fi okùn dè mọ́ èèkàn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Kí a tó kúrò ní etí omi, á ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sódò, á máa wò ó bó ṣe ń lọ, ibi tó ti ń yára, ibi tó ti ń pòyì. Tí èèpo náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé la ó padà sí, bí mo tilẹ̀ ń sunkún. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á mú kẹ́ẹ̀gì òróró òfìfo méjì, á so ọ̀kan mọ́ mi láyà, á so èkejì mọ́ mi lẹ́yìn, ìró ìyá mi kan tó gbó ló sì fi ń so wọ́n. Ó ní omi kì í béèrè pé ọmọ ta ni ọ́.

Mo ti rò pé títu ọkọ̀ ni kí ènìyàn máa lé e lọ síwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odò ló ń gbé wa lọ, àwa á kọjú síbi tí à ń lọ, a ó sì máa fa àjẹ̀ kí ọkọ̀ máa fà sẹ́yìn, kó má baà yára tó omi.

"Iṣẹ́ omi ni kó gbé ọ," ni Bàbá wí. "Tìrẹ ni kó má kánjú gbé ọ. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù níwájú yẹn?"

"Igi yẹn ni." Gẹdú ńlá kan ni, èyí tó já kúrò lọ́wọ́ àwọn agégẹdú lókè odò, ó rì sínú ẹrẹ̀, ó yọ orí.

"Ó dáa. Kọjú sí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Yí imú ọkọ̀ sí i, kí ìdí ọkọ̀ wo etí ibi tí o fẹ́ sá lọ, kí o wá máa fà. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìdí ni yóò fi gbá a."

Mo rẹ́rìn-ín, mo fà á, igi náà sì rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó tún kọ́ mi pé bí ọkọ̀ bá wá gbá igi bó ti wù kó rí, kí n má sá fún igi náà, kí n fara tì í ni, nítorí apá tí ènìyàn bá sá sí ni omi ń gbà wọlé. Àgbàlagbà ni mí báyìí, mo ti fi ìmọ̀ràn yẹn ṣe ohun púpọ̀ tí kò kan odò. Nígbà náà, ohun tí mo ń rò kò ju pé: ó ti ku díẹ̀ kí n mọ̀ ọ́n.

Òfin tó ga jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni èyí tó ń wí kí n tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀: "Má nàró nínú ọkọ̀." Mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá." Ká sọ òótọ́, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ nàró. Yorùbá mi kò kọjá ti ilé: ti oúnjẹ, ti ìwẹ̀, ti ìbáwí. Mo rò pé bóyá irú eré kan ni, tàbí oúnjẹ kan tí ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ọmọ tó ń wá kí wọ́n mú òun dání kì í béèrè ohun tí yóò fi hàn pé kò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń tù ú dáadáa, odò dákẹ́, orí mi wú. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ àwọn tó ń wa yanrìn yọ láti ẹ̀yìn igi ẹ̀gbà, yanrìn kún un dé etí, ó ń bọ̀ gbọọrọ síwájú wa.

"Dúró!" ni Bàbá ké.

Ní ilé wa, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni dúró ní: dìde. Dúró kí n wọ aṣọ fún ọ. Dúró, àlejò ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n ṣíwọ́, ìyá mi á ní, "Ó tó!" Bí wọ́n bá fẹ́ kí n ní sùúrù, Faransé ọjà ni bàbá mi fi ń sọ ọ́. Nítorí náà, mo fi àjẹ̀ sílẹ̀, mo dìde. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì tọ́, mo so ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, bí a ti ń ṣe tí olùkọ́ bá wọ kíláàsì.

"Dúró! Mo ní kí o dúró!"

"Mo ti dúró, Bàbá!"

Ọkọ̀ tẹ̀ sí òsì, gbogbo wa sì wà nínú omi. Omi oníyọ̀ wọ imú mi. Lẹ́yìn náà, kẹ́ẹ̀gì gbé mi sókè, ìró ìyá mi fún mi mọ́ra lábẹ́ abíyá, mo léfòó, mo sì ń sunkún. Bàbá ti di okùn ọkọ̀ mú. Àwọn tó ń wa yanrìn fi ọ̀pá gígùn fà wá, ọ̀kan nínú wọn ń bú mi pé ta ló ní kí n dìde, "Who tell you say make you tanap for inside boat?"

Mo nawọ́ sí Bàbá. "Na yi tell me!"

Obìnrin kan tó ń yan ẹja bọ́ńgà létí omi fún wa láyè nídìí iná rẹ̀. A jókòó, a ń gbọ̀n. Mo rò pé ó parí, pé n kò ní rí ìyá mi mọ́. Bàbá fún omi kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Kí ni mo máa ń wí fún ọ? Má nàró."

"Kí ni nàró?" ni mo wí nínú ẹkún.

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di ẹ̀rín. Ó ṣàlàyé fún mi pé kí n má dìde lóòró ni, àti pé dúró tí òun ké, kí n dá ọwọ́ àjẹ̀ dúró ni. Èmi náà bá ṣàlàyé tèmi. Mo ní ní Faransé, arrête ni kí n ṣíwọ́, lève-toi ni kí n dìde, attends ni kí n ní sùúrù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí n má lọ, kí n wà níbi tí mo wà, reste nìyẹn.

"Gbogbo wàhálà yẹn lórí dúró?" ni Bàbá wí. "Faransé ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò."

"Ṣùgbọ́n wọn kì í bọ́ sódò, Bàbá."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti di olùkọ́. Bí a bá ń bọ̀ wálé, n ó ní kó pè wọ́n fún mi, á sì fi ẹnu rẹ̀ tí eyín ti ń ká gbìyànjú. Ó pe arrête, ó pe attends. Reste ni kò lè pè. Rẹ́sì, ló ń wí. "Ìrẹsì lẹ ń pè yẹn, Bàbá," n ó wí, òun náà á ní kí n lọ sè é wá nígbà náà. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo rántí pé mo rín tọkàntọkàn lọ́dún yẹn.

Mo mọ ọkọ̀ tù. Kí n má purọ́, mo mọ̀ ọ́n gan-an. Nígbà tí òjò fi dáwọ́, mo lè mú ọkọ̀ yẹn kọjá láàárín igi àti yanrìn tí Bàbá yóò fi ká ọwọ́ lẹ́rán, tí yóò máa wo ọ̀run. Ìyá mi padà dé nígbà tí ó yá, ó gba ọ̀nà ilẹ̀, àbúrò mi ti ń sáré, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó rí mi. Ó sọ fún mi pé Bàbá Ọlọ́kọ̀ délé láyọ̀, pé ohun tó kọ́kọ́ sọ fún òun kó tó jókòó ni pé, "Ọmọ rẹ ti ń tukọ̀." Bí mo bá ń lọ láti Yassa tí mò ń gbé báyìí, tí mo sì rí omi Wouri, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Bàbá fẹ́ gbéra, ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì mọ ẹni tí yóò rí ilé.

Ọjọ́ náà, ìró ọlọ ló jí mi. Òkúta lórí òkúta. Mo fò dìde, mo sáré gba ẹ̀yìn ilé ìdáná láìwọ bàtà, orúkọ ìyá mi ti wà lẹ́nu mi. Bàbá mi ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọlọ pẹ̀lú ṣòkòtò ọjà rẹ̀, ata ta sí i lójú, ó ń lọ̀ ọ́ ségesège. Ó ní wọ́n ti gbọ́ létí omi pé ọ̀nà ti rọ̀ díẹ̀, pé Bàbá ń lọ, pé èèyàn kì í fi ata ẹ̀rọ sin àgbà sọ́nà. Mo wo abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abọ́ oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo wọlé, mo di aṣọ mi sínú ọ̀rá, mo sì tẹ̀ lé wọn dé Youpwé, kò sì sí ẹni tó ní kí n má gbé ọ̀rá náà.

Bàbá ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sódò. A jọ wò ó, ó ń lọ dáadáa. Mo so kẹ́ẹ̀gì mọ́ra fúnra mi, mo wọ inú ọkọ̀ tó ṣì wà lórí okùn lẹ́bàá ẹrẹ̀, mo jókòó sídìí àjẹ̀. Bàbá mi yíjú sí apá ibòmíràn.

"Síkírá," ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ wí. "Dúró."

Mo mọ èyí tó ń wí nínú wọn, pé kí n má lọ. Kò sí iyèméjì kankan nínú mi. Mo dìde lóòró nínú ọkọ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì tọ́, mo so ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, mo sì ń wò ó.

"Jókòó, inú ọkọ̀ lo wà!" ni bàbá mi pariwo.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wọ inú omi títí ó fi dé orúnkún rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú kó má baà mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Reste," ló wí.

Kò pè é bí ìrẹsì. Ó pè é dáadáa, ó hàn pé ó ti ń dá kọ́ ọ níbi tí n kò sí. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró ìyá mi kúrò lára mi.